Ọjọ́ Tí Òdòdó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Valderoso

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa ní Valderoso kò gba ife-ẹ̀yẹ kankan rí. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ìtàn yìí dé ìparí kó wá máa bi mí pé ife dà. Ìpele tí a ń gbá rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, tí a bá tún já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àfi ká máa bá ewúrẹ́ gbá a. Ọdún kan péré la gòkè dé Ìpele Kẹta, lọ́dún 1951, a sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e bí ẹni tó gbàgbé fìlà sílé.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni. Ó lọ́jọ́ orí, ó lórúkọ, ó sì ní alága.

Ọdún 1924 ni òṣìṣẹ́ rélùwéè kan gbé bọ́ọ̀lù aláwọ wọ ìlú wa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mọ́kànlá gbé e lọ síbi ìpakà wíìtì lẹ́yìn ìlú, wọ́n gbá a títí bọ́ọ̀lù náà fi bẹ́. Wọ́n gbé e tọ Eutiquio Lahoz lọ, ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ bàtà rírán parí. Eutiquio yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, ó ní òun lè rán an, ṣùgbọ́n òun ò ní rán an àfi tí wọ́n bá fún òun náà ní ipò. Wọ́n ní gbogbo ipò ti kún. Ó ní, ó dáa, kí wọ́n fi òun ṣe alága. Bí a ṣe ní alága nìyẹn. Ọdún méjìdínlógójì ló fi wà lórí àga, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ bọ́ọ̀lù rán.

Ogun abẹ́lé dé. Fún ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbá nǹkan kan. Mẹ́ta nínú àwọn mọ́kànlá yẹn kò padà wálé. Lọ́dọọdún lẹ́yìn ogun náà, kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Alága á dúró láàrin pápá, á pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá ní, "Ó yá, ẹ gbá a." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Ara òkè ni pápá wa wà. Ẹgbẹ́ tó bá ń gbá sọ̀ kalẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa sáré jù ú lọ. Èyí tó bá ń gbá gòkè, èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Aṣọ wa jẹ́ àwọ̀ èsè àlùkò, torí pé àwọ̀ òdòdó sáfúrónì nìyẹn, sáfúrónì ló sì ń bọ́ gbogbo ìlú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni òdòdó yẹn fi ń là lọ́dún. Ìdájí ló ń là. Tí oòrùn bá ti wọ̀ ọ́ lára, ó ti rọ jọwọlọ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ ká a kí ọ̀sán tó lọ jìnnà, kí ẹ sì jókòó lọ́jọ́ náà gan-an láti yọ fọ́nrán pupa mẹ́ta tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́nrán yẹn ni à ń tà; oúnjẹ ni wọ́n fi ń sè, owó gọbọi ni wọ́n sì fi ń rà á. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, ọjọ́ kan wà tí gbogbo oko á là pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ẹ ò ní rí ilẹ̀. Ọjọ́ Ìbora là ń pè é. Lọ́jọ́ Ìbora, àlùfáà á gé Máàsì kúrú, onígbàjámọ̀ á ti ṣọ́ọ̀bù, aláìsàn á dìde. Ìdajì ohun tí ìdílé kan máa jẹ lọ́dún wà nínú òwúrọ̀ ọjọ́ kan yẹn.

Nítorí náà, ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, Alága máa ń kọ̀wé sí àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù lẹ́kùn wa pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ ká sinmi lọ́jọ́ Àìkú méjì nínú oṣù kẹwàá. Ọjọ́ Àìkú wo? Ìyá mi ló máa ń bi. Casilda lorúkọ ìyá mi, opó ni, ó ní oko tó tóbi díẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí òdòdó máa là bíi tirẹ̀. Á ti ìka bọ ilẹ̀, á wojú ọ̀run, á ní ọjọ́ báyìí ni. Kò ṣì í rí.

Ọdún 1962 ló ṣì í. Ó mú ọjọ́ kẹrìnlá àti ọjọ́ kọkànlélógún. Àjọ fọwọ́ sí i. Òjò wá kọ̀, kò rọ̀. Ọjọ́ Àìkú méjèèjì tí wọ́n fún wa, iwájú ilé la jókòó sí, tí à ń wo oko tó gbẹ bí orí apárí. Lẹ́yìn náà ni òjò rọ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí a jí lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, gbogbo ilẹ̀ ti di èsè àlùkò. Ọjọ́ Ìbora ti dé. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ Peñaquebrada ń bọ̀ wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù ní agogo méjìlá ọ̀sán.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé, nínú oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé wa lọ gbá bọ́ọ̀lù kú sójú ọ̀nà, a ò sì dé ibi tí a ń lọ. Òfin àjọ ò lọ́jú pọ̀: ẹgbẹ́ tí kò bá kó èèyàn méje wá sí pápá, ó kéré tán, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún kan, wọ́n á pa orúkọ ẹgbẹ́ náà rẹ́. A ti jẹ ọ̀kan tán. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé tí wọ́n bá pa á rẹ́ pẹ́nrẹ́n, kò ní jí mọ́, torí àwọn ọ̀dọ́ ti ń bọ́ lọ sí Barcelona àti Jámánì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni balógun ikọ̀. Baudilio lorúkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Láti ìdájí ni èmi, ìyá mi àti àwọn àbúrò mi méjì, tí àwọn náà jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ti wà nínú oko, tí a doríkodò. Ní agogo mẹ́wàá, mo rí Alága tó ń bọ̀ láàrin poro. Ó wọ kóòtù, ó so táì, bàtà Máàsì rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀.

"Baudilio, èèyàn mélòó lo ní?"

"Àwa mẹ́ta yìí nìkan, Alága. Tí màmá mi bá gbà."

"Màmá ẹ ò gbà," ìyá mi dáhùn láì gbójú sókè.

"Casilda, èèyàn méje péré ni rẹfirí ń wá. Mi ò ní kí o fún mi ní mọ́kànlá."

"Èèyàn méje lèmi náà ń wá, Alága. Ẹ wo oko yìí. Tí ẹ bá rí méje, ẹ bá mi mú wọn wá."

"Ṣebí ìwọ lo ní ọjọ́ kẹrìnlá?"

Ìyá mi wá nàró, ó fọwọ́ sí ìbàdí. "Ẹ lọ bá òjò jà. Ṣé èmi ni mo gbé e pamọ́ ni?"

Alága yíjú sí oko. Ó wo oko náà láti òpin dé òpin. Mo rò pé ó máa bẹ̀bẹ̀ sí i, mo tilẹ̀ ti ń wá ohun tí màá sọ. Dípò ìyẹn, ó ju táì rẹ̀ sẹ́yìn èjìká, ó doríkodò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká òdòdó. Ará Valderoso ò lè dúró níwájú òdòdó tó ti là kó má ká a, ì báà ṣe ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún ilẹ̀, ó ní, "Ọdún méjìdínlógójì. Kó wá jẹ́ pé òdòdó ló máa pa á."

Ìyá mi gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá sí i.

Kí agogo méjìlá tó lù, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù Peñaquebrada lójú títì, ọkọ̀ méjì tẹ̀ léra, èèyàn àti orin ló kún inú wọn. Àwọn afọ́kùúta ni wọ́n; kò sí òdòdó níbẹ̀, kìkì òkúta. Orí Òkúta là ń pè wọ́n, Ìyàwó Òdòdó ni wọ́n ń pè wá. Wọ́n lọ sí pápá, ewúrẹ́ méjì ni wọ́n bá níbẹ̀. Kò pẹ́ tí balógun ikọ̀ wọn, Hermógenes, ọkùnrin onírunmú tó fẹ̀ lẹ́yìn bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, fi dúró létí oko wa. Àwọn èèyàn rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, rẹfirí náà sì wà láàrin wọn, ọ̀gbẹ́ni tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Leandro, tó gun alùpùpù wá láti ìgboro.

"Ìyàwó Òdòdó!" Hermógenes pariwo. "Ṣé ẹ ti sá ni?"

"A ò sá o," mo ní. "A wà níbí. A doríkodò ni."

"Mo rí i. Láti ojú títì, ìdí yín nìkan ni mò ń wò."

"Ó ṣáà sàn ju ojú tìẹ lọ," ìyá mi ní.

Àwọn èèyàn tirẹ̀ gan-an bú sẹ́rìn-ín. Rẹfirí yọ aago rẹ̀ jáde. "Agogo méjìlá ló wà nínú ìwé mi. Màá dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí òfin ṣe wí. Lẹ́yìn ìyẹn, tí mi ò bá rí èèyàn méje tó wọ aṣọ, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Valderoso ò wá."

"Ẹ kọ ọ́!" ẹnì kan pariwo láàrin wọn. "A ti borí nìyẹn!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́," Hermógenes ní. Ó yíjú sí Alága. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé tí wọ́n bá kọ ọ́ lónìí, ẹgbẹ́ yín ti pa rẹ́ nìyẹn?"

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Títí láé."

Hermógenes fọwọ́ pa irunmú rẹ̀. "Nínú oṣù kẹta, àwọn èèyàn yìí na wa ní góòlù márùn-ún sí òdo. Lórí pápá wa. Ojú ìyá ìyàwó mi ló ṣe. Ẹ̀yin ò mọ ìyá ìyàwó mi. Tí mo bá ní kó fún mi níyọ̀, á ní, 'Ṣíbí márùn-ún àbí òdo?' Ẹ wá fẹ́ kí àwọn èèyàn yìí kú kí n tó gbẹ̀san? Kí márùn-ún sí òdo yẹn wà lọ́rùn mi dé sàréè? Rárá o. Wọn ò ní kú. Èmi ni màá nà wọ́n."

Alága nàró wéré. "Ọ̀gá rẹfirí, tí balógun ikọ̀ méjèèjì bá fọwọ́ sí i pé kí a sún un síwájú ńkọ́?"

Rẹfirí ronú díẹ̀, ó wojú ọ̀run. "Òfin gbà bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀ ò bá ní ṣú mọ́ wa lórí. Agogo mẹ́ta ààbọ̀. Ìṣẹ́jú kan ò ní lé e."

Èmi àti Hermógenes fọwọ́ sí i lórí ẹ̀yìn agbọ̀n. Ṣùgbọ́n mo wo oko, ọkàn mi ò balẹ̀. Oòrùn ti ń mú. Èèyàn mẹ́rin ò lè ká nǹkan yẹn tán, ìyá mi ò sì ní fi í sílẹ̀ kó jóná.

"Kí lẹ ń wò?" Hermógenes kígbe mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ wọlé!"

"Ẹ dúró ńbẹ̀!" Ìyá mi ti dé iwájú wọn, ó na apá méjèèjì. "Kò sẹ́ni tó máa fi bàtà onírin wọ oko mi. Ẹ bọ́ ọ."

Bí àwọn afọ́kùúta mọ́kàndínlógún ṣe fi ìbọ̀sẹ̀ wọ oko sáfúrónì nìyẹn. Ìyá mi ń rìn lẹ́yìn wọn bí olùkọ́. "Má fà á tu! Fi èékánná gé e nísàlẹ̀. Ìwọ, ṣé òkúta lò ń fọ́ ni? Rọra." Ẹni tó yà wá lẹ́nu jù ni aṣọ́lé wọn, Saturio, ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tóbi tó abọ́ ọbẹ̀. Ó ń ká òdòdó bí ẹni ń gbé ẹyin, agbọ̀n rẹ̀ sì kún ṣáájú ti gbogbo wa.

"Saturio!" àbúrò mi kékeré pè é. "Kí ló dé tí o kì í mú bọ́ọ̀lù báyìí?"

"Òdòdó kì í sáré," Saturio ní.

Àwọn tó kù nínú wọn gba àwọn oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa lọ. Rẹfirí nìkan ló káwọ́ sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, ẹ bẹ̀rẹ̀ o," ìyá mi ní.

"Mi ò lè ṣe é, màmá. Wọ́n á ní mo ṣe ojúsàájú."

"Ṣé òdòdó ń gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Ó ronú sí i. Níkẹyìn, ó ní òun lè máa ru agbọ̀n, tó bá jẹ́ pé òun máa ru iye kan náà fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ó sì rù ú, ó ń kà á sókè bó ṣe ń lọ.

Kó tó di agogo méjì, ilẹ̀ ti hàn. A jẹ búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ lórí ìdúró, a mu ìkòkò wáìnì kan, a sáré lọ wọ aṣọ. Nígbà tí a dé pápá, mo rí ohun tí mi ò rí rí. Òdòdó tí a ká ṣì ń dúró de ẹni tó máa yọ ọ́, ìlú ò sì fẹ́ pàdánù ìran. Wọ́n ti gbé tábìlì ilé ìdáná wọn wá sí etí pápá, gbogbo gígùn rẹ̀, àwọn obìnrin àti àgbàlagbà jókòó tì í, wọ́n ń yọ fọ́nrán pupa, wọ́n ń da ewé òdòdó sẹ́yìn wọn. Afẹ́fẹ́ ń gbé e wọ inú pápá. Àwọn ìyàwó Peñaquebrada náà ti gbà á ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ ni wọ́n ti ń bú wa.

Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ka àwa tí a wà níbẹ̀. Mẹ́fà.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tó kù wà nínú oko wọn ní òdìkejì odò, níbi tí àwọn olùrànlọ́wọ́ wa ò dé. A rí wọn lókèèrè, wọ́n ń sáré bọ̀, wọ́n kéré bí èèrà. Rẹfirí wo aago. Hermógenes wojú rẹfirí. "Ẹ jẹ́ kí n so okùn bàtà mi," ó ní. Ó so ó, ó tú u, ó tún un so.

"Ìṣẹ́jú kan," rẹfirí ní.

Alága bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi í há ìyá mi lọ́wọ́, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ lé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì fa káàdì agbábọ́ọ̀lù kan yọ nínú àpò. Láti ọdún tí àjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní káàdì ló ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ti àwọn agbábọ́ọ̀lù, a ò sì mọ̀.

Rẹfirí kà á. "Eutiquio Lahoz. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ipò wo lẹ ń gbá, bàbá?"

"Èyíkéyìí tó bá ṣófo."

Fèrè dún. Èèyàn méje ni wá.

Kí n má purọ́, wọ́n nà wá. Wọ́n nà wá bí ẹní ń lu kápẹ́ẹ̀tì. Kí àwọn ará òdìkejì odò tó dé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń mí hẹlẹ, góòlù mẹ́ta ti wọlé. Alága ń rìn káàkiri nínú ṣòkòtò Máàsì, ó ń kí àwọn tó bá kọjá lára rẹ̀. Ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbàkúùgbà tí bọ́ọ̀lù bá sún mọ́ ọn ní ogún mítà. Lẹ́yìn ìsinmi, ó di márùn-ún. Inú Hermógenes dùn, ṣùgbọ́n kò tó o. Márùn-ún ò ju márùn-ún lọ. Ó fẹ́ ẹ̀kẹfà.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bọ́ọ̀lù yí wá síwájú àwọ̀n wa, ó dúró lẹ́sẹ̀ Alága. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Mo pariwo pé, "Alága, ẹ gbá a sọnù!" Alága bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù náà, ó gbé e sún mọ́ ojú.

Àwọn tó wà nídìí tábìlì dáwọ́ dúró.

"Bàbá," rẹfirí ní, "kí lẹ ń ṣe?"

"Òwú ń tú níbí," Alága dáhùn, ó fi ìka hàn án. "Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi ọ̀rá pa á. Ẹ wò ó."

"Bàbá, ẹ ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù."

"Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń fọwọ́ kàn án!"

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kọ tábìlì, gbogbo pápá sì gbè é. Rẹfirí náà ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó lè fun fèrè pẹnáríti. Hermógenes gbá a wọlé. Mẹ́fà sí òdo.

Nígbà tí ó parí, kò sẹ́ni tó kúrò nídìí rẹfirí. Ó gbé ìwé rẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn tábìlì náà, láàrin òdòdó, ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Alága dúró tì í, ó di bọ́ọ̀lù mọ́ra. Rẹfirí kà á sókè: "Valderoso, òdo. Peñaquebrada, mẹ́fà. Wọ́n gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Ẹ tún un kà," Alága ní.

"Èwo?"

"Èyí tó gbẹ̀yìn."

"Wọ́n gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Ariwo tó sọ! Wọ́n gbé Alága sókè, wọ́n gbé Saturio náà, èèyàn mẹ́fà ló gbé e. Ìyá mi mú Hermógenes létí méjèèjì, ó fi ẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọkùnrin náà fi pọ́n. Àwọn afọ́kùúta jókòó tì wá, wọ́n bá wa yọ fọ́nrán títí oòrùn fi ń wọ̀, ìka gbogbo wa sì pọ́n bí ìyeyè.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí Faransé láti ṣe ọdún méjì. Mo ṣì wà níbẹ̀. Mo ti jókòó nínú pápá ńlá ní Toulouse, mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ tí ife wọn ò lóǹkà, mo ti gbọ́ bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe ń yọ̀. Mi ò tíì gbọ́ irú ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọkọ̀ akẹ́rù àwọn Orí Òkúta ti ń lọ. Hermógenes dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó na ìka mẹ́fà sókè sí wa, ó ń pariwo, "Mẹ́fà! Mẹ́fà!" kí ó lè dùn wá. Gbogbo Valderoso, tọmọdé tàgbà, da ara wọn sójú títì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó, wọ́n ń dá a lóhùn pé, "Mẹ́fà! Mẹ́fà! Mẹ́fà!" Alága ló ń dá orin náà, láìsí kóòtù, láìsí táì.

Mo rí Hermógenes tó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn èèyàn rẹ̀. "Àbí àwọn ló borí ni?" ó ń bi wọ́n.